Ẹ wo rọ́bà inú ẹ̀ kí ẹ tó ti téèpù bọ̀ ọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ láti fi ṣe fídíò, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Ẹ má bínú sí mi o.

Gbogbo wa la mọ fídíò yẹn. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ tó ti wà nínú páálí láti bí ogójì ọdún jáde, wọ́n á tan iná sí i, wọ́n á ti téèpù bọ̀ ọ́: "Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ àbí kò ní ṣiṣẹ́?" Èmi náà ń ṣe content, mo mọ bí views ṣe ń dùn tó. Àmọ́ lójú tèmi, ìwà ìkà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú HP-85 tí Hewlett-Packard gbé jáde ní 1980. Screen, printer àti ojú ibi tí téèpù ń wọ̀, gbogbo ẹ̀ wà lára ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Nínú ibi téèpù yẹn, táyà kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà bò ló ń yí kátíríìjì. Rọ́bà yẹn kì í kàn gbẹ kó sán, yíyọ́ ló ń yọ́. Irú rọ́bà tó ń jẹ́ polyurethane máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí á fi máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù tí oòrùn pa.

Ẹ wá ti kátíríìjì bọ̀ ọ́. Ìdọ̀tí yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì lè ti ibẹ̀ dé ara téèpù gan-an. Kátíríìjì ọ̀hún fúnra ẹ̀ tún ní bẹ́líìtì nínú, òun náà ti darúgbó. Inú laabù ni wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí. Iṣẹ́ ẹnì kan lè wà lórí téèpù yẹn tí kò sí níbòmíì láyé. Rọ́bà ńkọ́? Èèyàn lè rí òmíì.

Ẹnìkan á ní, "Owó mi ni mo fi rà á." Ó dáa, ẹ̀rọ lẹ rà. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ohun tó wà lórí téèpù?

Àtúnṣe ẹ̀ ò sì le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ tú u, ẹ fi isopropyl alcohol àti òwú nù ún títí gbogbo rọ́bà yíyọ́ á fi kúrò. Ẹ wá gé rọ́ọ̀bù silicone tó fún un pinpin, kí ẹ fi bọ ìdí táyà náà. Ẹ wọn ọ̀n o! Tó bá sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, téèpù á máa sáré jù. Téèpù tí kò sí nǹkan gidi lórí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dán an wò.

Àwọn tó ń tún rédíò kásẹ́ẹ̀tì ṣe nílé wa ti mọ èyí tipẹ́. Tí orin bá ti ń fà, bẹ́líìtì ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Datasette tí Commodore ṣe náà, kásẹ́ẹ̀tì orin lásán ló ń lò, bẹ́líìtì náà ló sì ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Tó bá jẹ́ content lẹ ń wá, ẹ ya fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń nu ìdọ̀tí yẹn kúrò. Màá wò ó dópin.