OWÓ ỌKỌ̀ ÒFUURUFÚ ÀTI ÀWỌN ÀGBÀ WA

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ wa ni ó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ náà a máa ránṣẹ́ pè wọ́n pé kí wọ́n wá fi ojú kan ọmọ-ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ iye owó ọkọ̀, wọn a ní ó di àmọ́dún. Àmọ́dún a tún di èèmíràn, àwọn mìíràn a sì re ibi àgbà ń rè láìfojú kan ọmọ náà. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn fàájì, nítorí náà ni a ṣe mú un wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé ọdún 2, tí ó jókòó lórí itan ìyá rẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ọkọ̀ ni wọ́n sábà ń gbà lórí rẹ̀. Ẹni ọgọ́rin ọdún ńkọ́? Lọ́dọ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, iye tí oníṣòwò ọmọ ogójì ọdún ń san ni òun náà yóò san. Àwa tí a ń kọ́ ọmọdé pé kí ó dìde fún àgbà kò lè sọ pé èyí dára. Síbẹ̀, kí àgbà má jókòó de ẹ̀dínwó tí kò sí, nítorí ó ní ohun kan lọ́wọ́ tí òṣìṣẹ́ kò ní: ọjọ́ wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ kan náà, lórí ìjókòó tí kò yàtọ̀ síra, oríṣiríṣi owó ni wọ́n ń tà á, èyí tí ó rọjú ni ó sì ń kọ́kọ́ tán. Ẹni tí ó bá dá ọjọ́ kan ṣoṣo yóò ra ohun tí ó ṣẹ́kù ní ọjọ́ náà. Ẹni tí ó bá béèrè iye owó gbogbo ọjọ́ inú oṣù yóò rí i pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú sábà máa ń dín sí òpin ọ̀sẹ̀, àti pé oṣù Kejì tàbí oṣù Kọkànlá kì í gbówó lórí bí ìgbà ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìgbà Kérésìmesì. Google Flights àti Skyscanner ń fi iye owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní fóònù lè wò ó fún ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń fẹsẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ tí a bá ti sanwó ni òmìnira ọjọ́ ń parí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ó rọjú jù lọ sábà jẹ́ èyí tí a kò lè yí ọjọ́ rẹ̀ padà, tí a kò sì lè gba owó rẹ̀ padà. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì gbé Bàbá dè ní ọjọ́ méjì kí ó tó gbéra, owó náà lè lọ pátápátá. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ óò bá fi owó kún un, ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí. Ẹ má sì torí owó kékeré jẹ́ kí arúgbó fi wákàtí mẹ́wàá jókòó de ọkọ̀ kejì ní Addis Ababa tàbí ní Istanbul. Ẹ béèrè kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti aláìlera ní wákàtí 48 ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni.

Gbogbo ọgbọ́n yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ọdún 2023, owó àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ó há sí Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 800 dọ́là lọ. Àwọn kan nínú wọn sì ti ìjókòó olówó pọ́ọ́kú mọ́ àwa tí ń fi náírà rà á. Nigeria Airways tí a dá sílẹ̀ ní 1958 ì bá gbà wá, ṣùgbọ́n ó ti kógbá sílé láti 2003. Ìgbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí owó àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 náírà, ni àwọn àjèjì náà tó rántí pé owó tiwọn lè wálẹ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwọn tí ń sọ pé ọkọ̀ tiwa-n-tiwa kò wúlò.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì ni òfin ọkọ̀ òfuurufú ti ọdún 2022 ní kí a máa gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS pinnu pé kí owó orí lórí ìrìn-àjò òfuurufú dópin láti ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, kí owó tí a ń gbà lórí èrò àti lórí ààbò sì dín ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Àbújá ni kí ó tẹ̀wé jáde fún aráàlú, kí ó kọ owó kọ̀ọ̀kan tí ń bẹ nínú tíkẹ́ẹ̀tì láti Èkó dé Akra síbẹ̀, iye rẹ̀ kí ìpinnu náà tó dé, àti iye rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.