Olórí Kántọ̀n Kì í Ṣe Ọba

Ẹ̀yin ọmọ Kétu nílé àti lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ kan wà láàrin wa tí kò yẹ kí àgbà dákẹ́ sí. Bí ìdílé kan bá fẹ́ kọ ìtàn baba ńlá wọn lóde òní, ìwé tí kọ̀máńdàǹ Faransé fi yàn án ṣe chef de canton ni wọn yóò kọ́kọ́ nà síta. Wọn yóò gbé àwòrán rẹ̀ sí i, wọn yóò sì kọ “Ọba” sábẹ́ rẹ̀. Ọba ibo? Àwọn wo ni ó fi í jẹ?

Ilé ọlọ́ba márùn-ún ni Kétu ní: Alápínì, Màgbó, Àró, Mẹ̀ṣà àti Mẹ̀fù. Ogun Dànhọ̀mẹ̀ fọ́ ìlú ní 1886, síbẹ̀ nígbà tí a tún un tẹ̀ dó ní 1894, Alákétu ni a tún fi jẹ. Ìwé òyìnbó kò dá ilé kẹfà sílẹ̀.

Wọn a ní, “Ṣebí àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ ju ti ọba lọ.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo fi iṣẹ́ ìjọba jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì mọ̀ pé ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé oyè lánàá lè fà á ya lọ́la. Ẹ rántí Alaba Ida, aya Alákétu, tí àwọn Faransé fi ṣe aṣojú wọn. Kí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 tó parí, wọ́n ti yọ ọ́.

Kí tilẹ̀ ni iṣẹ́ olórí kántọ̀n? Kí ó gba owó orí, kí ó kó ènìyàn lọ la ọ̀nà, kí ó wá àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò kó lọ sójú ogun. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ará wa ṣe di ẹrù, tí wọ́n sọdá ààlà sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wọn ṣì wà lọ́hùn-ún, wọn kò sì gbàgbé.

N kò ní kí a bú òkú. Bí ó bá gba ẹnìkan sílẹ̀ lọ́wọ́ kọ̀máńdàǹ, ẹ kọ ọ́. Bí ó bá gba ewúrẹ́ opó, ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹ kọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀ àti ilé ìyá rẹ̀, èyí tí kò sí nínú ìwé kọ̀máńdàǹ kankan.

Ní 2025, Ilé Aṣòfin dìbò fún òfin lórí oyè ìbílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìwé ìtàn ìdílé ti kúrò ní ohun tí a fi ń ṣe fáàrí níbi ìnáwó. Ó lè dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ tí ìtẹ́ bá ṣófo. Kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn yọ “Ọba” kúrò lábẹ́ àwòrán náà kí ọjọ́ náà tó pé.