Ilé Ọtí Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Spéìn

Ìlú kan wà ní etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Spéìn, Benidorm ni orúkọ rẹ̀. Ìlú apẹja ni tẹ́lẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1960 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti lọ yá oòrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì rí i pé ibẹ̀ tù wọ́n lára ju ilé lọ, wọ́n bá jókòó. Ní gbogbo Spéìn lónìí, àwọn ará Bìrìtéènì tí ó fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùgbé ju 250,000 lọ, àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sì pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá gba àwọn òpópó kan kọjá ní Benidorm yóò rò pé òun ti ṣìnà dé Manchester: ẹja díndín, bọ́ọ̀lù ìlú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, pátákó tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, àti ilé ọtí wọn tí wọ́n ń pè ní pọ́bù.

Àwa fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ilé ọtí yìí, kì í sì í ṣe nítorí ọtí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ni kì í fi ẹnu kàn án, a kò sì fẹ́ kí wọ́n torí èyí ṣí ojú ewé yìí kọjá. Ohun tí ó kàn wá ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí wà ní àjò, wọ́n sì mọ bí a ti í ní ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ lásán, tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, tí kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ìlú Òyìnbó kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tó, àìní rẹ̀ sì ń pa wá lára.

Pọ́bù jẹ́ àgékúrú orúkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíkún ni ilé gbogbo ènìyàn. Láti 1393, ní ayé Ọba Richard Kejì, ni òfin ti wà ní ilẹ̀ wọn pé kí ẹni tí ó bá ń pọn ọtí tà gbé àmì kọ́ sí iwájú ilé rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń rí àwòrán àgbọ̀nrín funfun tàbí kìnnìún pupa lẹ́nu ọ̀nà wọn títí di òní. Bí ẹnì kan bá ra ọtí fún àwọn tí ó bá jókòó, ẹlòmíràn ni yóò ra èyí tí ó tẹ̀ lé e, títí yóò fi kárí. Àáró ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí oko. Ní ilẹ̀ tiwa, ẹni tí ó bá mọ ìdí ọpọ́n ayò ti mọ pọ́bù. Ọ̀ta jókòó, òpè jókòó, òǹwòran yí wọn ká. Ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ yóò dúró, yóò dá sí i, yóò gba èébú díẹ̀, yóò sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó fi ìwé pè é, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé aṣọ wo ni ó wọ̀.

Ẹni tí ń tọ́jú pọ́bù, onílé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ńṣe ni ó háyà ilé náà. Ọ̀rọ̀ yìí a máa pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí a bá rò ó dé Spéìn: àlejò ni ọkùnrin náà, àlejò ni ìyàwó rẹ̀ tí ń dáná, àlejò ni gbogbo àwọn tí ó jókòó, síbẹ̀ onílé ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, iṣẹ́ onílé ni ó ń ṣe. Bí ìyá arúgbó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú kò bá yọjú fún ọjọ́ méjì, òun ni yóò béèrè rẹ̀. Ẹni tí ìwé dé sí láti ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní èdè Spéìn yóò mú un wá síbẹ̀, bóyá a ó rí ẹni tí ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ fún aláìsàn, wọ́n ń pààrọ̀ ìwé kíkà, wọ́n ń ju ọfà kékeré mọ́ pátákó. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi wọ́n ń jẹ ẹran màlúù yíyan pẹ̀lú pọ̀tétò, nínú oòrùn tí ó tó láti lé irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sá. Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ń jẹun alẹ́, nígbà tí àwọn onílẹ̀ kò tíì ronú oúnjẹ títí di agogo mẹ́sàn-án.

A ti ń gbọ́ ohùn ẹni tí yóò wí pé, kí ni ó kàn wá nínú fàájì àwọn tí ó ti jọba lé wa lórí? Kí ẹni bẹ́ẹ̀ rántí pé kì í ṣe pọ́bù ni wọ́n mú wá bá wa. Ẹgbẹ́ àwọn Òyìnbó ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìkòyí ní 1938, pẹ̀lú odi àti ẹ̀ṣọ́, ọmọ onílẹ̀ kò sì lè jókòó níbẹ̀ àfi bí ó bá jẹ́ pé àwo ni ó ń gbé. Níbi tí wọ́n ti ní gómìnà ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ní Spéìn, níbi tí wọn kò ti ní ẹnikẹ́ni tí yóò gbèjà wọn, wọ́n ṣí i. Èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọn kò ní agbára ni ó yẹ kí a kọ́, nítorí pé irú ipò bẹ́ẹ̀ ni àwa náà wà ní àjò.

A kò wí pé kí a kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá rí ẹni bá sọ èdè rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ni yóò mú un kọ́ èdè onílẹ̀? Àwọn mìíràn ti lo 20 ọdún ní etíkun náà, ọ̀rọ̀ Spéìn tí ó wà lẹ́nu wọn kò sì ju kíkí àti ríra nǹkan lọ. Wọ́n jẹ ìyà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn wọn nílé dìbò ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2016, tí 52 nínú 100 sì ní kí ìlú wọn kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tí ó ti kúrò nílé ju ọdún 15 lọ kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Òfin yẹn kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù kìíní 2024. Láti 2021 ni ará Bìrìtéènì tí kò ní ìwé ìgbélùú kò ti lè lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 láìgba físà. Sọ́séèjì tí ọmọ ń dì wá fún bàbá rẹ̀ láti ilé di ohun tí aṣọ́bodè ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Láti oṣù karùn-ún 2022 títí di oṣù kẹta 2023, olùgbé tí kò tíì pààrọ̀ ìwé ìwakọ̀ Bìrìtéènì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé níbi tí ó jìnnà sí ọjà. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, pọ́bù lè tu ènìyàn nínú. Kò lè bá a dé ọ́fíìsì.

Ẹ jẹ́ kí a wá bojú wo ọ̀dọ̀ tiwa ní London. A ti ní irú ilé yìí rí. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, sílẹ̀ ní 1925. Láti 1929 títí di 1932 ó rìn káàkiri ilẹ̀ wa láti gba owó, ní 1933 sì ni wọ́n ṣí ilé wọn ní Camden, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ onílé ní London kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sílé. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí ibùsùn, oúnjẹ ilẹ̀ wa, àti ẹni bá jiyàn òṣèlú.

Lónìí, iye wa níbẹ̀ ti pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì, ilé ìjọsìn wa sì pọ̀. Pọ́bù kan tí ó ń jẹ́ Duke of Kent, ní Old Kent Road, àwọn Mùsùlùmí wa láti Nàìjíríà ni ó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni Mùsùlùmí àti Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń bá ara wọn jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Àríyá wa ń fẹ́ káàdì ìpè, ó sì ń fẹ́ owó aṣọ ẹbí. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Ilé oúnjẹ wa wà ní Peckham, wọ́n sì dùn ún jẹ, àmọ́ ẹni tí ó bá jẹun tán níbẹ̀ ni ó ní láti dìde fún ẹlòmíràn. Ọmọ tí a bí síbẹ̀ kì í sábà gbọ́ Yorùbá àyàfi nígbà tí a bá ń bá a wí. Kò gbọ́ ibi tí àgbà méjì ti ń fi òwe ta ara wọn lẹ́nu, kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀, kò gbọ́ irọ́ dídùn tí àwọn òpè ń pa lẹ́yìn ayò. Báwo ni èdè náà yóò ṣe wù ú í sọ?

Àwa ń fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa tí ó wà ní London pa owó pọ̀, kí wọ́n háyà ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Kò pọn dandan kí a ta ọtí níbẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tó, pẹ̀lú tíì fún ẹni tí ó bá fẹ́. Kí ọpọ́n ayò wà, kí ìwé ìròyìn wà, kí àlejò tí kì í ṣe ẹ̀yà wa lè wọlé kí ó sì jókòó. Kí ẹni tí ó mọ òfin ìwé ìgbélùú máa wá ní alẹ́ kan lọ́sẹ̀, nítorí ohun tí ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí ní Spéìn. Kí àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì di onílé ibẹ̀, tí yóò mọ ẹni tí kò yọjú.

Owó ilé ni ìṣòro, a kò ní tan ara wa. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí náà ni ó ń háyà gbọ̀ngàn ní alẹ́ Sátidé kan lẹ́yìn òmíràn, tí wọ́n sì ń san án láìkùn. Kí àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá tẹ́ lọ́rùn kọ̀wé sí wa kí ìwé oṣù tí ń bọ̀ tó jáde, kí wọ́n sì wí iye tí ẹgbẹ́ wọn lè mú sílẹ̀ lóṣooṣù.