Ìpara ò lè rán iṣan tó já o

1/ Oṣù 8 ni àǹtí mi fi ń fi ìpara ra èjìká lẹ́yìn tí wọ́n ṣubú. Wọn ò lè gbé apá we gèlè mọ́, àwa ń sọ pé "àgbà ló dé". Èmi náà sọ ọ́, ó sì ń dùn mí.

2/ Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú nínú èjìká. Tó bá já, X-ray kì í fi í hàn dáadáa. Ultrasound tàbí MRI ló ń rí i.

3/ Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló nílò iṣẹ́ abẹ o. Físíò nìkan ń tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Àmọ́ èyí tó já pátápátá, tẹ́ ẹ bá fi falẹ̀, iṣan á fà sẹ́yìn, á máa di ọ̀rá. Ó lè má ṣeé rán mọ́ egungun mọ́.

4/ Ibi tí ọ̀rọ̀ àǹtí mi dé nìyẹn. Ó ku kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé, irú èyí tí Paul Grammont gbé jáde nílẹ̀ Faransé ní 1985: bọ́ọ̀lù bọ́ síbi ihò, ihò bọ́ síbi bọ́ọ̀lù. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni.

5/ Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ra ìpara kejì, ẹ gbé wọn lọ ṣàyẹ̀wò. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.