Orúkọ Kan Náà Kì Í Ṣe Ẹbí Kan Náà

Ohun àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà máa ń fẹ́ kọ nígbà tó bá di kálámù mú ni orúkọ ara rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lè kọ orúkọ rẹ̀ kò ní máa tẹ ìka sórí ìwé mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn, àwọn tó ń wá ipò ìjọba. Èrò mi ni pé orúkọ ìdílé nìkan kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ dìbò fún ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ kọ ènìyàn sílẹ̀.

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá súnmọ́, oríṣi ọ̀rọ̀ méjì ni à ń gbọ́. Àwọn kan á ní: «Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀, tiwa ni.» Àwọn mìíràn á ní: «Ìdílé yẹn ti jẹ tó, kí wọ́n lọ jókòó.» Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Orúkọ ni àwọn méjèèjì wò, wọn kò wo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè pé kí ni orúkọ lè sọ fún wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni Táíwò, èkejì ni Kẹ́hìndé, ẹni tó tẹ̀lé wọn ni Ìdòwú. Ẹ lọ sí ọjà Ikpinlè ní ọjọ́ ọjà, kí ẹ ké «Ìdòwú!», kí ẹ wo iye ènìyàn tí yóò bojú wẹ̀yìn. Ṣé ọmọ bàbá kan ni gbogbo wọn? Rárá. Ohun kan ṣoṣo tí orúkọ náà sọ ni pé a bí wọn lẹ́yìn ìbejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa. Lọ́dọ̀ àwọn Fọ̀n, Zinsou àti Sagbo ni orúkọ ìbejì ọkùnrin, Dossou sì ni ọkùnrin tí a bí tẹ̀lé ìbejì. Lọ́dọ̀ àwọn Bààtọ̀nù ní àríwá, Woru ni àkọ́bí ọkùnrin, Sabi ni èkejì, Bio ni ẹ̀kẹta. Nítorí náà, ibi gbogbo tí a bá ti ń bímọ ni a ti lè rí Dossou àti Sabi. Nígbà tí Amòfin Robert Dossou jẹ́ ààrẹ Ilé-Ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa, láti 2008 dé 2013, kì í ṣe gbogbo àwọn tó ń jẹ́ Dossou ló di ẹbí adájọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé: «Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí orúkọ wọn jọ tí wọ́n sì jẹ́ ẹbí lóòótọ́.» Òótọ́ ni. Ẹ wo ìdílé Soglo. Ọ̀gágun Christophe Soglo gba ìjọba ilẹ̀ Dahomey ní oṣù Kẹwàá 1963. Ó tún gbà á ní oṣù Kejìlá 1965, títí àwọn ọmọ ogun mìíràn fi lé e kúrò ní oṣù Kejìlá 1967. Ìbátan rẹ̀ ni Nicéphore Soglo, ẹni tí àpérò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè yàn ṣe olórí ìjọba ní 1990, tí àwọn ará ìlú sì dìbò yàn ní ààrẹ ní 1991. Ó padà di mẹ́ẹ̀rì Kútọnu láti 2003 dé 2015. Ọmọ rẹ̀ Léhady ló gba ipò náà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì wà níbẹ̀ títí di 2017.

Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, orúkọ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà wọn ti yàtọ̀ tó. Ìbọn ni ti àkọ́kọ́ fi dé ipò, ìbọn ló sì lé e. Ìbò ni ti èkejì fi dé ibẹ̀, ìbò náà ló sì mú un kúrò ní 1996, nígbà tí Mathieu Kérékou borí rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwà ọ̀gágun ọdún 1963 díwọ̀n ẹni tí a dìbò yàn ní 1991 ti ṣi ìwọ̀n lò.

Ẹ tún wo ìdílé Zinsou. Émile Derlin Zinsou, tó jẹ́ oníṣègùn, ṣe ààrẹ Dahomey ní 1968 àti 1969. Lionel Zinsou, ọmọ ẹbí rẹ̀, di olórí ìjọba lábẹ́ Ààrẹ Yayi Boni ní 2015. Ní oṣù Kẹta 2016, Lionel díje fún ipò ààrẹ. Òun ló ṣíwájú ní ìpele àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Patrice Talon borí rẹ̀ ní ìpele kejì. Orúkọ tó ti wọ ilé ààrẹ nígbà kan rí kò ṣí ìlẹ̀kùn náà fún un. Àwọn olùdìbò fi hàn lọ́jọ́ náà pé orúkọ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.

Ní òdì kejì ẹnubodè, ní Nàìjíríà, orúkọ Adébáyọ̀ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn-Èkìtì, ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti 1966 dé 1971. Ọmọ rẹ̀, Níyì Adébáyọ̀, di gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì láti 1999 dé 2003. Ṣùgbọ́n ní 1983, Adébáyọ̀ mìíràn, Cornelius Adébáyọ̀, di gómìnà ìpínlẹ̀ Kwara fún oṣù mẹ́ta kí àwọn ológun tó gba ìjọba. Ọmọ Kwara ni, kì í ṣe ará ilé Ìyìn. Ẹni tó bá ka ìwé ìròyìn láìfarabalẹ̀ yóò sọ pé ìdílé kan ṣoṣo ló mú gómìnà mẹ́ta jáde. Irọ́ ni yóò pa, láìmọ̀ pé òun ń purọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Johnson wà lára àwọn orúkọ ìdílé tó wọ́pọ̀ jù lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju «ọmọ John» lọ. Ààrẹ méjì ló ti jẹ́ Johnson níbẹ̀. Andrew Johnson jẹ́ igbákejì Ààrẹ Lincoln, ó sì gorí oyè nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Lincoln ní 1865. Lyndon Johnson jẹ́ igbákejì Ààrẹ Kennedy, ó sì gorí oyè nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Kennedy ní 1963. Orúkọ wọn jọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ipò jọ, síbẹ̀ wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn. Bush méjì tó jẹ́ ààrẹ níbẹ̀, ọ̀kan láti 1989 dé 1993, èkejì láti 2001 dé 2009, bàbá àti ọmọ ni wọ́n. Báwo ni ẹni tó mọ orúkọ nìkan yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ ẹbí àti èyí tí kì í ṣe ẹbí?

Johnson náà dé ọ̀dọ̀ wa. Mobólájí Johnson ni gómìnà àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, láti 1967 dé 1975. Ellen Johnson Sirleaf sì ṣe ààrẹ Làìbéríà láti 2006 dé 2018. Ọmọ ẹ̀yà Gola ni bàbá rẹ̀. Láti ara Ààrẹ Hilary Johnson, tó ṣàkóso Làìbéríà láti 1884 dé 1892, ni bàbá náà ti rí orúkọ Johnson, kì í ṣe nítorí pé wọ́n jọ bá ara wọn tan.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ a máa bo ẹbí mọ́lẹ̀. Ní Tógò tó múlé tì wá, Eyadéma ni gbogbo ayé ń pe ààrẹ tó ṣàkóso láti 1967 dé 2005. Faure Gnassingbé ni a ń pe ẹni tó jókòó sí àyè rẹ̀. Àjèjì tó bá gbọ́ Eyadéma, tó tún gbọ́ Faure, lè má mọ̀ pé bàbá àti ọmọ ni. Ẹ rí i pé orúkọ kan lè kó àwọn tí kì í ṣe ẹbí pọ̀, kí òmíràn sì pín bàbá níyà sí ọmọ.

Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí àṣà orúkọ ìdílé kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín wa. Kí àwọn Faransé tó dé, bàbá ní orúkọ tirẹ̀, ọmọ ní tirẹ̀. Oríkì ni a fi ń mọ orírun ẹni. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìbí dé, akọ̀wé béèrè orúkọ bàbá, ó sì kọ ọ́ mọ́ ti ọmọ. Nínú agbo ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè ní orúkọ ìdílé kan, kí àbúrò ní òmíràn. Ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà lè di «Adéchina» ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, kí ìbátan rẹ̀ di «Adesina» ní ìhà Nàìjíríà. Ohun tí akọ̀wé kan fi ìkánjú kọ kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n ìwà ẹnikẹ́ni.

Ìjọba fúnra rẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ. Nígbà ìforúkọsílẹ̀ gbogbogbòò tí a ń pè ní RAVIP, wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí wa, wọ́n béèrè orúkọ bàbá àti ìyá wa, wọ́n ya àwòrán wa, wọ́n sì gba àmì ìka wa. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ ANIP fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ìjọba bá nílò gbogbo èyí kó tó mọ ẹni tó fẹ́ gba ìwé ìbí lásán, èé ṣe tí àwa yóò fi gba orúkọ nìkan lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba àpò kọ̀múùnù?

Mo mọ òwe tí àwọn àgbà yóò fi dá mi lóhùn: «Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.» Òwe gidi ni, n kò sì ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè: ta ló ni ìlẹ̀kẹ̀? Ìlẹ̀kẹ̀ inú òwe yìí, owó wa ni a fi rà á. Ẹni tó ni ín lè fi sí ìdí ẹni tó bá wù ú. Owó kọ̀múùnù kò rí bẹ́ẹ̀. Owó òrí obìnrin tó ń pàtẹ ní ọjà Ikpinlè wà nínú rẹ̀, owó àgbẹ̀ tó ń ta epo àti àgbàdo wà nínú rẹ̀, àti ti àjèjì tó ń gbé láàárín wa. Ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo ìlú ni. Ẹni tó bá lè ṣọ́ ọ ni kí a fi lé lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹni, ìbáà má jẹ́ ọmọ ẹni.

Àwọn mìíràn yóò ní ilé rere ni ọmọ rere ti ń jáde. N kò sẹ́ èyí náà. John Adams ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1797 dé 1801, ọmọ rẹ̀ John Quincy Adams sì ṣe é láti 1825 dé 1829. Ọmọ náà ti jẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní òkè òkun, ó sì ti jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, kó tó di ààrẹ. Nígbà tí sáà kọ̀ọ̀kan parí, àwọn olùdìbò kọ̀ láti dá bàbá padà, wọ́n sì kọ̀ láti dá ọmọ náà padà. Ilé lè kọ́ ọmọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ni yóò jẹ́rìí pé ó gba ẹ̀kọ́.

Bákan náà ni kò dára kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe. Bí bàbá kan bá na owó ìlú ní ìnákúnàá, òun ni kó wá jíhìn. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tí ìlú mọ̀ sí olóòótọ́, ìlú yóò pàdánù bí a bá lé e sẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ń jẹ́ orúkọ kan náà láìjẹ́ ẹbí, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, iṣẹ́ kan wà fún yín. Bí wọ́n bá lẹ àkójọ orúkọ àwọn olùdíje mọ́ ara ògiri, ẹ má ṣe dúró níbi orúkọ ìdílé. Ẹ ka orúkọ náà dé òpin. Ẹ béèrè abúlé tó ti wá àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bó bá ti wà ní ìgbìmọ̀ kọ̀múùnù rí, ẹ béèrè ohun tó ṣe níbẹ̀. Òfin gbà kí ará ìlú wọlé gbọ́ ìjókòó ìgbìmọ̀ náà. Ẹ lọ gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí omi, lórí ọ̀nà, lórí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mọ ẹni tó ń sùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí àwọn tí kò tíì mọ̀wé bá wà nínú ilé yín, ẹ kà á fún wọn, kí ẹ kà á bó ṣe wà láìfi tiyín kún un.

Àwọn baba wa ní: «Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.» Ọjọ́ ìkómọ ni ìyẹn. Ní ọjọ́ ìdìbò, ọmọ ti dàgbà, ó ti ní ìwà tirẹ̀. Ìwà náà ni kí a wò.