Ta Ló Ni Àǹkárá?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ọ̀pá kan ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ wa kan ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, Yínká Ṣóníbárẹ́ ni orúkọ rẹ̀, àǹkárá ló fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà, iṣẹ́ náà sì ń dá iyàn sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá gbé e dé.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní 1962, Èkó ló gbé dàgbà, kó tó padà lọ kàwé lọ́hùn-ún. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí àìsàn kan rọ ọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ìṣèlú ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló ń fi ṣe iṣẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ kan wá bi í pé kí ló dé tí kò ṣe ojúlówó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Ẹ gbọ́ ìbéèrè o! Bí Òyìnbó bá ya àwòrán Ṣáínà, ta ni yóò bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀? Yínká gba ọjà Brixton lọ, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ra iṣu àti ata, ó ní òun fẹ́ ra aṣọ Áfíríkà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé Họ́láńdì ni wọ́n ti ń ṣe aṣọ tí gbogbo ayé ń pè ní ti Áfíríkà.

Ẹ̀yin oníṣòwò aṣọ kò ní la ẹnu sí èyí. Ẹni tó bá ń pe ọjà rẹ̀ ní Hollandis ti mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Họ́láńdì pàápàá kọ́ ni orísun. Àwọn ará Jáfà, ní Indonéṣíà òní, ló ń fi ìda ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Òyìnbó Họ́láńdì tó ń jọba lé wọn lórí fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀ láti tà á fún wọn. Láti 1846 ni ilé-iṣẹ́ Vlisco ti wà ní ìlú Helmond. Ọjà náà kò yá ní Jáfà bí wọ́n ti rò. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 fi ń parí lọ, etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó ti rí oníbàárà. Lónìí, Ṣáínà ń ṣe irú ti Họ́láńdì tó ṣe irú ti Jáfà. Ẹ wo bí ayé ti ń yí!

Ohun tí Yínká wá fi aṣọ náà ṣe ni ó le. Ní 2003 ó ṣe ère ọkùnrin 14 tí wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká, máàpù Áfíríkà sì wà lójú tábìlì náà. Ìpàdé Berlin ti 1884 sí 1885 ni, níbi tí àwọn Òyìnbó ti pín ilẹ̀ wa láìsí ọba Áfíríkà kan níjòókòó. Kóòtù àtijọ́ tí àwọn ọlọ́lá Òyìnbó ń wọ̀ ló wà lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n àǹkárá ni ó fi rán an. Kò sì sí orí lọ́rùn ẹnì kankan! Ó ní òun ń fi àwọn ìjòyè tí wọ́n bẹ́ lórí ní Faransé ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé bí kò bá sí orí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá dúdú ni tàbí funfun. Èmi rò pé ó tún kù: ẹni tó ń pín ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, orí wo ló fi ń ronú?

Oyè MBE tí wọ́n fi dá a lọ́lá ní 2004 ńkọ́? Ó gbà á, ó sì ń kọ ọ́ mọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, òun tó ń fi Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́. Inú àwọn kan kò dùn sí i. Tèmi dùn.

Àwọn kan ti gbé ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà mìíràn, wọ́n ní kí a sọ àǹkárá nù níwọ̀n bí kì í ti í ṣe tiwa. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, àwọn ìyálọ́jà kan là nídìí aṣọ yìí débi pé Mercedes-Benz ni wọ́n fi ń rìn, tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. Àwọn ló ń sọ fún ilé-iṣẹ́ pé èyí yóò tà, èyí kò ní tà. Àwọn ló sì ń sọ ọnà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ta ni wọ́n ń ya ọnà aṣọ náà fún, bí kì í ṣe àwa? Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ l'Abẹ́òkúta láyé ìjọba Òyìnbó ńkọ́, ṣé Manchester kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá? Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń ní kí ọmọ wọ àǹkárá lọ́jọ́ àṣà, ẹ má dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìtàn aṣọ náà fún wọn, kí ẹ má pè é ní aṣọ Odùduwà.

Ní 2010 ó ṣe àwòṣe ọkọ̀ tí Nelson fi jagun ojú omi ní 1805, ó kó o sínú ìgò ràgàjì kan ní gbàgede Trafalgar, ìgbòkun rẹ̀ 37 sì jẹ́ irú aṣọ yìí. Greenwich ló wà láti 2012, lóde ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ará ojú òkun. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ní kó lọ wò ó. A kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń wò ó.