Ẹjọ́ Amos Tutùọlá: Ta Ló Mú Òṣùwọ̀n Lọ́wọ́?

Ìfáàrà

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ó ṣòro láti rí ọmọ Yorùbá mìíràn tí ó kọ ìtàn àròsọ, tí ojú àwọn òǹkàwé sì yàtọ̀ síra lórí iṣẹ́ rẹ̀ bíi ti Amos Tutùọlá. Àwọn kan kà á sí àràmàǹdà ẹ̀dá; àwọn mìíràn kà á sí ẹni tí ó dójú ti ìran rẹ̀ lójú àlejò. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìhà méjèèjì ló fi òṣùwọ̀n èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn ọkùnrin yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá ni òṣùwọ̀n tí ó tọ́ sí i wà. Bí ọ̀rọ̀ bá sì rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń bẹ fún wa láti ṣe nínú kíláàsì, pàápàá ní irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun.

Bí àríyànjiyàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Tutùọlá ní ọdún 1920. Ìwé tí ó kà kò ju ọdún mélòó kan lọ. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì fi iṣẹ́ náà sin àwọn ọmọ-ogun òfuurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ó rí ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹnu iṣẹ́ kékeré yìí ni ó wà tí ó fi gbé kálámù. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, Dylan Thomas, akéwì ọmọ ilẹ̀ Wales, ti yin ìwé náà nínú ìwé-ìròyìn The Observer. Ní ọdún 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní New York. Òkìkí kàn.

Ní ilé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé rẹ̀ kejì, My Life in the Bush of Ghosts, jáde ní ọdún 1954, àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan ti ń kọ lẹ́tà sí ìwé-ìròyìn West Africa láti fi ẹ̀hónú hàn. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀. Èkíní, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ irú rẹ̀ jáde. Èkejì, wọ́n ní àwọn òyìnbó ń yìn ín nítorí pé ó fi wá hàn bí ará oko tí kò lajú. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Òmíràn jẹ́ àlọ́ tí gbogbo ayé mọ̀, òmíràn sì fara jọ iṣẹ́ D. O. Fágúnwà, ẹni tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ rẹ̀ ti jáde láti ọdún 1938.

Kò yẹ kí a fi àwọn olùfisùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún mẹ́fà péré ni ó ṣẹ́kù nígbà náà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira. Ẹni tí ó ń bá òyìnbó jà pé òun tó ìjọba ara òun í ṣe kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé tí ó kún fún iwin àti àṣìṣe gírámà síwájú ayé. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í ṣe lámèyítọ́.

Òṣùwọ̀n tí kò bá ọjà mu

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìhà méjèèjì wò. Ohun tí ó wu àwọn òyìnbó nínú ìwé náà ni pé ó ṣàjèjì sí wọn. Ta ni ó ṣàjèjì sí láàárín wa? Ìtàn ọmọbìnrin tí ó kọ gbogbo ọkọ, tí ó wá tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin tí ó yá ẹ̀yà ara lò, tí onítọ̀hún sì ń dá ẹ̀yà ara náà padà fún olówó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku agbárí nìkan, kò sí ọmọ tí ó jókòó sídìí àlọ́ tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ohun tí ó bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa nínú ni gírámà. Ní ọdún 1971, Adébísí Afọ́láyan tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú èyí tí ó ti fi hàn pé ètò gbólóhùn Yorùbá ni ó wà nídìí Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá tí ó sì kà á sókè yóò gbọ́ ohùn apàlọ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ àlejò náà.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí ó súnmọ́ wa. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré tí ó fi Òṣogbo ṣe ibùjókòó, gbé ìtàn yìí kalẹ̀ ní èdè Yorùbá lórí ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn, ó pè é ní Ọ̀mùtí. Nígbà tí ìtàn náà padà sí èdè tí ó ti wá, ẹ̀sùn gírámà kò ríbi dúró sí mọ́. Ìtàn ni ó kù, ó sì tó wò. Ìlobùú pàápàá ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ulli Beier gbé ìlú náà ní àwọn ọdún 1950 kí ó tó kó lọ sí Òṣogbo. Òun ni ó wà lára àwọn tí ó dá ìwé-àtìgbàdégbà Black Orpheus sílẹ̀ ní ọdún 1957, àpilẹ̀kọ tí ó gbé Tutùọlá ga sì wà nínú ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1977, Chinua Achebe fi odindi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn gbèjà ọgbọ́n inú ìwé The Palm-Wine Drinkard.

Èrò tiwa ni pé Tutùọlá mọ ohun tí ó ń ṣe. Nínú igbó iwin rẹ̀, akọni ìtàn ta ikú rẹ̀ ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì, ó sì yá ẹ̀rù rẹ̀ fún ẹlòmíràn ní pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Apàlọ́ àtijọ́ kò ní fi ìṣirò báyìí pa á. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó ń wo bí ìjọba amúnisìn ṣe ń dá iye lé ohun gbogbo ni ó lè rò ó. A kò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò lábùkù. Gbèsè Fágúnwà wà lọ́rùn rẹ̀, àwítúnwí rẹ̀ a sì máa sú ni. Olùkọ́ tí ó bá sì fi í kọ́ ọmọ bí a ṣe ń kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ọmọ náà lóore.

Ọ̀run àti Ilẹ̀ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ gan-an nìyí. Ní òpin The Palm-Wine Drinkard, Ọ̀run àti Ilẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọ̀rẹ́ lọ sóko ọdẹ, eku kan ṣoṣo ni wọ́n rí pa. Kálukú ní òun ni àgbà, òun ni yóò mú un. Ìjà dé, òjò kọ̀, ìyàn mú títí wọ́n fi rúbọ sí Ọ̀run. Kí ọmọ kan ní Ìlobùú, ìlú Erinlẹ̀, tàbí ní Ìfọ́n, ìlú Olúfọ́n, tó dé kíláàsì, ó ti lè gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àgbà. Nínú àlọ́ tiwa, igún ni ó gbé ẹbọ lọ. Nígbà tí ó padà dé tí òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un, ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti pá. Tutùọlá yọ igún kúrò, ó sì fi ẹrú rọ́pò rẹ̀. Ẹrú ọba ni ó gbé ẹbọ, òun ni òjò pa, òun ni gbogbo ìlú tilẹ̀kùn mọ́.

Ìyípadà kékeré yìí tó jiyàn lé lórí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ó ba àlọ́ jẹ́ ni, àbí ó jẹ́ kí a rí ohun tí orí pípá ẹyẹ ti ń bò mọ́lẹ̀, pé bí ẹni ńlá méjì bá ń du ipò àgbà, aláìní ni ó ń ru ẹrù ìlàjà? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlọ́ nìkan ni èyí ní agbègbè tí a ń sọ. Ìlobùú àti Ìfọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ìjà ààlà ilẹ̀ ti wà láàárín wọn tipẹ́, ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2025 débi tí ilé fi jóná tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Olùkọ́ kò lè pín ilẹ̀ fún ìlú méjì. Ohun tí ó wà ní ìkápá rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé ènìyàn lè takò èrò ẹnìkejì rẹ̀ látàárọ̀ dọjọ́rọ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ jẹun ní àsìkò ìsinmi.

Nítorí náà ni a fi ń dábàá ọ̀nà yìí. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ pa àlọ́ náà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nílé. Kí ó wá ka ti Tutùọlá fún wọn, kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn. Kí ó pín kíláàsì sí méjì, kí ìhà kan gbèjà òǹkọ̀wé, kí ìkejì fẹ̀sùn kàn án. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n pààrọ̀ ìhà. Kí olùkọ́ má sọ èrò tirẹ̀ títí wọn yóò fi parí.

Ìkádìí

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní ìwé tí ó ń dá awuyewuye sílẹ̀ kò yẹ ní kíláàsì. A ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí nípa àwọn òǹkọ̀wé tuntun. Ìwé Lọlá Ṣónẹ́yìn, The Secret Lives of Baba Segi's Wives, tí ó jáde ní ọdún 2010, tú àṣírí ilé olórogún kan ní Ìbàdàn láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ó ta àbùkù àṣà wa, ẹlòmíràn lè sọ pé òtítọ́ ni. A gbà pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ orí ọmọ kí ó tó gbé ìwé lé e lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kò sí àwíjàre fún dídá ìwé lẹ́jọ́ láì kà á. Tutùọlá kú ní ọdún 1997. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi í bú àti àwọn tí ó fi í yangàn kò gbọ́ èdè tí ó ń rò nínú kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwa gbọ́ ọ. Bí a bá wá dákẹ́, a jẹ́ pé a ní òṣùwọ̀n nílé, a sì ń lọ yá ti aládùúgbò.